Ìyáàfin Parks àti Ìyáàfin Durr: irú ọ̀rẹ́ wo nìyí?

Lọ́dún 1963, nílé ẹjọ́ kan nílùú Gadsden ní ìpínlẹ̀ Alabama, agbẹjọ́rò ìjọba ń bi obìnrin adúláwọ̀ kan léèrè ọ̀rọ̀. "Mary" ló pè é. Obìnrin náà ní òun kò ní dáhùn, àfi tí wọ́n bá pe òun ní Miss Hamilton, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tó bá wá jẹ́rìí. Adájọ́ ní kó dáhùn, ó kọ̀. Ni wọ́n bá jù ú sẹ́wọ̀n ọjọ́ márùn-ún, wọ́n tún bu owó ìtanràn 50 dọ́là lé e. Ẹjọ́ yìí rìn títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ l'Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti da ìdájọ́ náà nù lọ́dún 1964.

Ṣé nítorí orúkọ lásán ni gbogbo wàhálà yìí? Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá la ẹnu pe abiyamọ lórúkọ gbangba, ìjà ló ń wá. Ìyá Túndé là ń pè é, tàbí Màmá, tàbí Àǹtí. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, ọmọ aláwọ̀ funfun tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lè pe ìyá àgbà adúláwọ̀ lórúkọ, kí ìyá àgbà náà sì fi "Miss" síwájú orúkọ ọmọ yẹn kó tó dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dáadáa díẹ̀ nínú wọn á pe ìyá náà ní "Auntie." Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Àǹtí tiwa, ọ̀wọ̀ ni. Tiwọn, ọgbọ́n ni wọ́n ń dá kí ẹnu wọn má baà pe adúláwọ̀ ní "Mrs." Ọkùnrin adúláwọ̀ tó ti ní ọmọ-ọmọ, "boy" ni. Àwọn bàbá wa tó se oúnjẹ fún òyìnbó nílé ìjọba láyé ìmúnisìn mọ "bọ́ì" yẹn dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n fi èyí ṣáájú ni ọ̀rọ̀ Rosa Parks, ẹni tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì lọ́dún 1955, àti Virginia Durr, ọ̀rọ̀ tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Montgomery, olú ìlú Alabama, ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọ̀kan jẹ́ adúláwọ̀, èkejì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Wọ́n mọ ilé ara wọn, ọ̀kan lọ pàdé èkejì lẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìyáàfin Parks àti Ìyáàfin Durr ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹni tó bá kà á lónìí á ní ọ̀rẹ́ wo nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní Parks ń ránṣọ fún àwọn ọmọ Durr, ó ń gbowó iṣẹ́, nítorí náà aránṣọ àti oníbàárà ni wọ́n, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkẹta á ní òyìnbó yẹn ló kọ́ Parks ní gbogbo ohun tó ṣe. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tó dúró dáadáa nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ Parks ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn tirẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́ jù. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé aránṣọ kan ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde fún òyìnbó. Irọ́ ńlá! Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò rẹ òun ju bó ṣe máa ń rẹ òun lójoojúmọ́ lọ. Ohun tó rẹ̀ ẹ́ ni kó máa fara mọ́ ìyà. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni lọ́dún 1955. Láti ọdún 1943 ló ti jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka NAACP ní Montgomery, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun fipá bá Recy Taylor lò pọ̀ ní Abbeville, Parks ni ẹgbẹ́ rán lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá là á lójú.

Durr, ọdún mẹ́wàá ló fi ju Parks lọ. Birmingham ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1903, ọmọ pásítọ̀, nínú ìdílé tó ti ní ẹrú rí. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni pé adúláwọ̀ kì í bá òyìnbó jókòó jẹun. Nígbà tó dé yunifásítì Wellesley ní àríwá Amẹ́ríkà, àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yí àga ìjókòó àwọn ọmọ padà nílé oúnjẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dé ìdí tábìlì tí wọ́n pín in sí, ó sì bá ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan níbẹ̀. Ó dìde, ó jáde. Alábòójútó ilé náà pè é, ó ní kò sí tipátipá: tí kò bá lè tẹ̀ lé òfin ilé, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Virginia kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ń bà á, ó sì fẹ́ràn ilé ìwé náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sídìí tábìlì yẹn, ó jẹun. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú bó ṣe sọ ọ́ ni pé kò ṣe bí ẹni pé ọkàn òun ti yí padà lóru ọjọ́ kan. Ó ní ọdún púpọ̀ kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yé òun.

Ohun tó kọ́kọ́ fà á wọnú ìjà kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Owó orí ni.

Ibí yìí gba àlàyé díẹ̀, nítorí owó orí tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Èyí tí ìjọba òyìnbó ń gbà nílẹ̀ Yorùbá, dandan ni. Ẹni tí kò bá san án, akódà á wá a dé inú oko. Owó náà ló mú kí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fọn sí ìgboro lọ́dún 1947. Ní Alabama láyé ìgbà yẹn, ẹnì kankan kì í lé ẹni tí kò bá san owó orí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn: ẹni tí kò bá san án kò lè dìbò. Dọ́là kan àti ààbọ̀ ni lọ́dún, ó sì máa ń di gbèsè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dìbò á san ti gbogbo ọdún tó ti kọjá láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Adúláwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sùn, ṣùgbọ́n ó mú tálákà aláwọ̀ funfun náà, ó sì mú àwọn obìnrin gan-an, nítorí nínú ilé tí owó kò bá tó, ti ọkọ ni wọ́n máa ń san.

Nígbà tí Durr bá ọkọ rẹ̀, lọ́yà Clifford Durr, lọ sí Washington lọ́dún 1933, inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin òṣèlú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá owó orí yìí jà, nítorí àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun bíi tirẹ̀. Ìgbà tó wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀ ló tó rí i pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ya ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti adúláwọ̀. Lọ́dún 1938 ó wà ní ìpàdé ńlá kan ní Birmingham, níbi tí ọ̀gá ọlọ́pàá, Bull Connor, ti ní kí aláwọ̀ dúdú jókòó sí apá kan, kí aláwọ̀ funfun jókòó sí apá kejì. Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ, gbé àga tirẹ̀ sí agbedeméjì. Nílùú yẹn kan náà, láti ọdún 1930, òfin wà nílẹ̀ pé dúdú àti funfun kò gbọ́dọ̀ jọ ta dráfù tàbí dọ́mínò. Bẹ́ẹ̀ ni, dráfù.

Lásìkò tí Durr ń bá àwọn sẹ́nétọ̀ fa ọ̀rọ̀ owó orí ní Washington, Parks ń gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní Montgomery. Wọ́n ń dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́dún 1945, lẹ́yìn tó parí ìdánwò tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba adúláwọ̀, ó jókòó, ó fi ọwọ́ da gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ kọ sínú ìwé tirẹ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kó lè rí nǹkan mú lọ sílé ẹjọ́ tí wọ́n bá tún ní ó fìdí rẹmi. Ó yege. Lẹ́yìn náà ló wá san owó orí ọdún mọ́kànlá pa pọ̀, dọ́là 16 àti ààbọ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì mọ ara wọn. Ògiri kan náà ni wọ́n ń gbá, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn.

Ọdún 1951 ni ìdílé Durr padà sí Alabama, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Montgomery. Clifford ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbúra ìṣòótọ́ dọdẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ Kọ́múníìsì. Owó kò sí. Ó ṣí ọ́fíìsì lọ́yà, Virginia sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. E.D. Nixon, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó jẹ́ aṣáájú àwọn adúláwọ̀ nílùú náà, ló mú Durr mọ Parks: Durr ní àwọn ọmọbìnrin tó ń dàgbà, aṣọ wọn nílò àtúnṣe, Parks sì mọ aṣọ rán. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Montgomery Fair ló ti ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ lójúmọmọ.

Àwọn tó ń sọ pé "oníbàárà lásán ni," ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti gbé lọ́dọ̀ aránṣọ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ á dúró lórí àpótí, aránṣọ á kúnlẹ̀ sídìí ìṣẹ́tí aṣọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì lẹ́nu, ìyá ọmọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Kò sí ibòmíràn ní Montgomery tí obìnrin dúdú àti obìnrin funfun ti lè jókòó fún wákàtí kan kí ojú aráàlú má tẹ̀ lé wọn. Wọn kò lè jọ mu kọfí nílé oúnjẹ kankan nígboro. Tí adúláwọ̀ bá gbé àpò aṣọ wọ ilé òyìnbó, aládùúgbò á ní iṣẹ́ ló wá ṣe. Lójú tèmi, abẹ́rẹ́ àti òwú yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rẹ́ tí òfin ti tì í mọ́. Pé owó wà níbẹ̀ kò sọ ọ́ di irọ́. Kò sì tún sọ wọ́n di ọgbọọgba, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀kan ló ń kúnlẹ̀, èkejì ló ń jókòó.

Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 1955, Myles Horton, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ Highlander sílẹ̀ lórí òkè ní Tennessee, ń wá ẹni tó máa wá síbi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí bí wọ́n ṣe máa mú kí dúdú àti funfun jọ máa lọ ilé ìwé kan náà. Durr dárúkọ Parks, ó sì bá a wá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aubrey Williams. Níbẹ̀ ni Parks ti bá Septima Clark pàdé, olùkọ́ adúláwọ̀ láti South Carolina. Ohun tí Parks máa ń rántí jù nípa Highlander kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ó ní òun á jí láàárọ̀, òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti kọfí á máa ta sí òun nímú, òun á sì mọ̀ pé òyìnbó ló ń sè é, kì í ṣe òun. Nígbà tí wọ́n bi í níparí pé kí ló rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ ní Montgomery, ó ní òun kò rò pé ohunkóhun máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Thursday, ọjọ́ kìíní oṣù December, ohun náà ṣẹlẹ̀. Àga 36 ló wà nínú bọ́ọ̀sì. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti òyìnbó, bó tilẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yìn jẹ́ ti adúláwọ̀. Àárín wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Àárín yẹn ni Parks jókòó sí, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Òyìnbó kan ṣoṣo ló dúró. Ṣùgbọ́n adúláwọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá òyìnbó jókòó lórí ìlà kan, nítorí náà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ dìde fún ẹnì kan. Àwọn mẹ́ta dìde. Dẹ́rẹ́bà náà, James Blake, ló ti lé Parks sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́dún 1943, nítorí pé kò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Parks kò gbàgbé ojú rẹ̀. Kò dìde, ni ọlọ́pàá bá mú un lọ sí àtìmọ́lé.

Nígbà tí Nixon gbọ́, ó pe àtìmọ́lé lórí fóònù láti béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Wọn kò dá a lóhùn, wọ́n gbọ́ ohùn adúláwọ̀. Fred Gray, lọ́yà adúláwọ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún marùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n tí wọ́n máa ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún, kò sí nílùú. Nixon wá pe Clifford Durr. Clifford pe nọ́ńbà kan náà, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìdí nìyí tí àwọn Durr fi wà nínú ìtàn alẹ́ yẹn: ohùn tí àwọn ọlọ́pàá máa dáhùn ni wọ́n ní. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wakọ̀ lọ. Nixon ló ṣe onídùúró, 100 dọ́là. Nígbà tí Parks jáde, omi ti wà lójú Virginia, ó dì mọ́ ọn, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó dà bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Parks fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun, ní Montgomery, lọ́dún 1955.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni yàrá Parks ní Cleveland Courts, nígbà tí wọ́n délé. Clifford là á fún Parks: òfin ìlú Montgomery sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni dìde tí àga mìíràn kò bá ṣófo. Kò sí àga tó ṣófo. Ó lè bá a yọ ẹjọ́ náà kúrò nílẹ̀, kí ó sì parí síbẹ̀. Tàbí kí wọ́n jẹ́ kó lọ, kí wọ́n fi bá òfin náà jà. Raymond, ọkọ Parks, ń bẹ̀ ẹ́ pé àwọn òyìnbó máa pa á. Kò ṣe ojo, òun náà ti bá wọn jà rí kó tó gbé e níyàwó. Ohun tó mọ̀ ló ń sọ. Parks bá ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa bá ẹjọ́ náà lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé òyìnbó ló rán an níṣẹ́, kó wo alẹ́ yìí dáadáa. Ọ̀nà tó rọrùn ni àwọn Durr gbé síwájú rẹ̀, òun ló kọ̀ ọ́. Gray ló sì ṣe lọ́yà rẹ̀ nílé ẹjọ́. Clifford dúró lẹ́yìn, ó ń bá a wo ìwé.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn adúláwọ̀ Montgomery kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ìlú, ọjọ́ 381 ni wọ́n sì fi fẹsẹ̀ rìn. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ni kò fẹ́ fọ abọ́ fúnra wọn, nítorí náà wọ́n ń wakọ̀ lọ gbé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, bí olórí ìlú ṣe ń pariwo tó pé kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀rẹ́. Ẹ wo Juliette Morgan, aláwọ̀ funfun tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ìlú, tó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Montgomery Advertiser lóṣù December yẹn pé ohun tí àwọn adúláwọ̀ ń ṣe jọ ti Gandhi. Wọ́n fi fóònù dà á láàmú, wọ́n ju òkúta lu ilé rẹ̀, títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún 1957. Iye tí ó máa ń náni nìyẹn.

Àwọn Durr pàdánù oníbàárà. Kó tilẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, lọ́dún 1954, Sẹ́nétọ̀ Eastland ti gbé Virginia lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní New Orleans láti sọ pé Kọ́múníìsì ni. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó kọ̀ láti dáhùn ìyókù, ó mú páúdà jáde nínú báàgì, ó sì ń fi pa imú. Parks ní tirẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ní Montgomery Fair lóṣù January ọdún 1956, ọkọ rẹ̀ fi iṣẹ́ bábà tirẹ̀ sílẹ̀, fóònù ikú sì ń dún nílé wọn tọ̀sán-tòru. Ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ti Durr, owó ọ́fíìsì ló ń gbẹ, ti Parks, ẹ̀mí. Virginia mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ káàkiri pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí Parks, nítorí gbogbo ayé ń yìn ín, ẹnì kankan kò sì béèrè ohun tó jẹ. Lọ́dún 1957 àwọn Parks kó lọ sí Detroit.

Ká wá padà sórí orúkọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìyáàfin Durr ni Parks ń pè é. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni, ó sì tún jẹ́ ààbò: adúláwọ̀ tó bá pe òyìnbó lórúkọ gbangba nílùú yẹn lè kó sí wàhálà. Durr lè pè é ní Rosa nígbàkigbà, kò sí ẹni tó máa bi í; bí gbogbo àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ṣe ń pe ẹni tó ń ránṣọ fún wọn nìyẹn. Kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò ní pè é ní Rosa, àfi ọjọ́ tí Rosa bá lè pe òun ní Virginia. Ó sì dúró de ọjọ́ náà. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé.